Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà oníṣẹ́ ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ má jẹ́ kí a dúró de háídírójìn

Sí Alága àti gbogbo ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin rìwáyà, ẹ̀yin pánẹ́ẹ̀bítà, ẹ̀yin fọganáísà àti ẹ̀yin tí ẹ ń tún AC ọkọ̀ ṣe.

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀gbọ́n wa,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ yín ni mí nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mo kọ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ti ń ṣe é. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí gbangba, tí n kò fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé nìkan, ni pé ó kan àwọn ọmọ iṣẹ́ wa, ó kan àwọn òbí tó fà wọ́n lé wa lọ́wọ́, ó sì kan àwọn oníbàárà tí ń ra ọkọ̀ tókúnbọ̀ láì mọ ohun tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀.

Nígbàkígbà tí a bá ti dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọjọ́ iwájú sílẹ̀ láàárín wa, ohun kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbà: pé ọkọ̀ oníbátìrì kò ní pẹ́ kọjá lọ, pé gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní háídírójìn ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pé a óò máa rọ ọ́ sínú ọkọ̀ bí a ti ń rọ epo lónìí, àti pé nítorí náà kò sí ìdí fún wa láti fi owó àti àkókò ṣòfò sórí ẹ̀kọ́ bátìrì. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi sọ pé n kò gbà bẹ́ẹ̀. Fún àwọn ọkọ̀ kékeré tó ń bọ́ wa, ìyẹn Corolla, Camry, Micra àti kórópe, bátìrì ni yóò gba ipò epo bẹntiróòlù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbi tí àwọn ọkọ̀ wa ti ń wá. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ iná alágbára kún ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí a tó ṣe fírídọ̀mù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ọkọ̀ háídírójìn jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì bíi tiwa, àfi pé gáàsì ló ń jó dípò epo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Mirai, ọkọ̀ háídírójìn tirẹ̀, ní Japan ní oṣù Kejìlá 2014, bí ẹ bá sì ṣí bonẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ kò ní bá písítìnì níbẹ̀, ẹ kò ní bá púlọ́ọ̀gì, ẹ kò sì ní rí ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì tí a ń pààrọ̀. Háídírójìn tó wà nínú táǹkì máa ń wọ inú ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní fuel cell, níbi tó ti ń pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Ìpàdé yẹn ló ń mú iná jáde, omi ni ó sì ń ṣàn jáde ní ìdí ọkọ̀. Iná náà ló ń yí mọ́tò tó ń yí táyà. Bátìrì alágbára kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń gba iná tí búrékì bá dá padà. Ọkọ̀ iná ni ọkọ̀ háídírójìn fúnra rẹ̀, wáyà aláwọ̀ olómi ọsàn tó ń gbé iná alágbára, tó ń ba rìwáyà lẹ́rù, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tó ń sá fún bátìrì, tó ń dúró de háídírójìn, inú ilé tó ń sá fún ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọ̀.

Ẹ̀rọ náà kì í sì í ṣe tuntun. William Grove, ará Wales kan, ti ṣe irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1839, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó lọ sí òṣùpá nínú ọkọ̀ Apollo lò fún iná àti omi mímu. Kò sí àríyànjiyàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni iye iná tó ń ná wa kí háídírójìn tó dé inú táǹkì.

Ẹ jẹ́ kí a fi yúníìtì ṣe ìṣirò rẹ̀, yúníìtì tí gbogbo wa ń rà sórí mítà. Háídírójìn kì í dá wà níbi tí a ti lè lọ bù ú. Ara nǹkan mìíràn ló máa ń so mọ́, pàápàá omi àti gáàsì inú ilẹ̀, agbára ni a sì fi ń yọ ọ́. Bí a bá fẹ́ fi iná yọ ọ́ lára omi, kìlógíráàmù kan rẹ̀ yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì 50 sí 55. Lẹ́yìn ìyẹn ni a óò tún fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ kì í mọ́lẹ̀ kí ó lè gba inú táǹkì, ìyẹn náà ń jẹ iná tirẹ̀. Kìlógíráàmù kan yìí ni ọkọ̀ bíi Mirai máa fi rin nǹkan bí 100 kìlómítà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó. Ọkọ̀ oníbátìrì tó tó o lẹ́gbẹ́ yóò fi yúníìtì 15 sí 20 rin ọ̀nà kan náà. Ìlọ́po mẹ́ta iná ni ẹni tó gba ọ̀nà háídírójìn gbọ́dọ̀ rà kí ó tó lè dé ibi tí èkejì rẹ̀ dé. Èyí tó ṣòfò, ooru ló bá lọ: apá kan lọ nígbà tí a ń ya omi, apá kan lọ lọ́dọ̀ kọ̀mpírẹ́sọ̀, nǹkan bí ìdajì èyí tó kù sì tún lọ nínú fuel cell. Ti bátìrì kò ju kí a fi iná pamọ́ kí a sì tún yọ ọ́ lò, ohun tó ń ṣòfò níbẹ̀ kéré.

Ẹ wá sọ ọ́ di náírà. Láti oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Band A sókè, yúníìtì kan ti ń ná àwọn tó wà níbẹ̀ ju 200 náírà lọ. Ká tilẹ̀ fi í sí 200. Yúníìtì 55 jẹ́ 11,000 náírà. Yúníìtì 20 jẹ́ 4,000. Bí epo bẹntiróòlù bá wà ní 900 náírà lítà kan, tí ọkọ̀ kékeré sì jó lítà 8, ìrìn kan náà jẹ́ 7,200. Ìtumọ̀ èyí ni pé kí oníle-epo háídírójìn tó fi èrè tirẹ̀ lé e, kí ó tó san owó kọ̀mpírẹ́sọ̀, gáàsì náà ti wọ́n ju epo tí a ń kígbe lé lórí lọ. Èmi kò rí oníbàárà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ní Sábó Ṣágámù tó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ìyẹn.

Bí ẹ bá sì ní kí a fi ti NEPA sílẹ̀, kí a lọ sórí sólà, ìṣirò náà kò yí padà. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 550 wáàtì lè mú nǹkan bí yúníìtì 20 wá lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa ní agbègbè wa. Fún ọkọ̀ oníbátìrì, ìyẹn tó 100 kìlómítà. Fún háídírójìn, kò tó ìdajì kìlógíráàmù, kò sì ní gbé ọkọ̀ kọjá nǹkan bí 35 kìlómítà. Oòrùn kan náà ni, orí òrùlé kan náà ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò dìde sọ pé a kò nílò láti fi iná yọ ọ́, nígbà tí gáàsì wà ní Nàìjíríà rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni, ara gáàsì inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ èyí tó pọ̀ jù nínú háídírójìn tí gbogbo ayé ń lò. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa: ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022 ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, ní ìkọjá Ẹ̀pẹ́ síbẹ̀, gáàsì ni wọ́n ń yọ háídírójìn jáde lára rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ di amóníà, kí wọ́n sì sọ amóníà di yúríà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní gáàsì lọ́wọ́, CNG, ìyẹn gáàsì inú ilẹ̀ tí wọ́n kì mọ́ inú sílíńdà, tí àwọn kan nínú wa ti ń so mọ́ ọkọ̀, ni ẹ ní yẹn. Kí ni a fẹ́ fi sísọ ọ́ di háídírójìn ṣe, nígbà tó jẹ́ pé yíyọ ọ́ yẹn nìkan ń jẹ nínú agbára rẹ̀, tó sì ń tú nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá èéfín kábọ̀nù sí afẹ́fẹ́ lórí kìlógíráàmù háídírójìn kan?

Tí wọ́n bá tilẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, gbígbé e wálé tún ni ìṣòro. Háídírójìn fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì lọ, ó sì ń gba àyè púpọ̀. Tírélà kan tó kún fún páìpù irin onífúnpá gíga kì í gbé ju nǹkan bí 300 sí 400 kìlógíráàmù rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ irin tó gbé e ti wúwo tó ẹrù tírélà. Agbára tó wà nínú 350 kìlógíráàmù háídírójìn kò ju ti nǹkan bí lítà 1,300 epo bẹntiróòlù lọ. Ká gbà pé fuel cell ń lo tirẹ̀ dáadáa ju bí ẹ́ńjìnnì ti ń lo epo lọ ní ìlọ́po méjì. Ó di lítà 2,600 nìyẹn. Táńkà tó ń gba Ṣágámù kọjá lójoojúmọ́ ń gbé lítà 33,000, òmíràn ń gbé 45,000. Ẹ ro iye tírélà tí yóò máa já gáàsì sí ilé epo kan ṣoṣo ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá ro bí ọ̀nà wa ti rí. A lè sọ ọ́ di olómi kí ó lè gba àyè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 253 lábẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó di omi. Àwa tí yìnyín inú fíríìjì ń yọ́ mọ́ lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú!

Ibi tí ọkàn mi kò ti balẹ̀ rárá ni ọ̀rọ̀ fífún, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin fọganáísà àti ẹ̀yin wẹ́dà fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Nǹkan bí 32 psi, ìyẹn òṣùwọ̀n ìfúnpá tó wà lára géèjì yín, ni ẹ ń fún táyà ọkọ̀ kékeré. CNG máa ń tó nǹkan bí 3,000 psi nínú sílíńdà. Táǹkì Mirai ń gba nǹkan bí 10,000 psi. Irin lásán kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe táǹkì yẹn; okùn kábọ̀nù ni wọ́n fi ń wé e lórí ike, nítorí háídírójìn ní ìwà kan tí a kò bá lára gáàsì ìdáná: ó máa ń wọnú irin lọ, a máa sọ irin di ohun tó ń sán bí ìgò. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, iná rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn sójú ní ọ̀sán gangan, débi pé ènìyàn lè rìn wọ inú rẹ̀ láì rí i. Nínú afẹ́fẹ́, láti ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìdá 75 ni ó lè gbaná.

Ní oṣù Kẹwàá 2024, sílíńdà CNG kan bú gbàmù ní ilé gáàsì kan ní ìlú Benin, àwọn aláṣẹ sì sọ pé sílíńdà ọ̀hún jẹ́ èyí tí wọ́n jó ní wẹ́dà, tí kì í ṣe ojúlówó. 3,000 psi ni ìyẹn o. Mo mọ ọwọ́ àwọn wẹ́dà wa, mo sì ń fi wọ́n yangàn, ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí oníbàárà bá ti sọ pé sílíńdà tuntun ti wọ́n jù, ẹnìkan máa wà ní ìsọ̀ kan tí yóò sọ pé òun lè wá nǹkan ṣe sí i. Wíwá-nǹkan-ṣe sí i yẹn ló gbé iṣẹ́ wa ró láti ọjọ́ yìí wá. Pẹ̀lú 10,000 psi, a kò gbọ́dọ̀ dán an wò.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọwọ́ ti lè yẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2019, ilé epo háídírójìn kan lẹ́bàá Oslo ní Norway bú gbàmù. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn nọ́ọ̀tì tó wà nínú ìdérí táǹkì alágbára kan ni wọn kò dì le tó. Toyota àti Hyundai dá ọkọ̀ háídírójìn tí wọ́n ń tà níbẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí nọ́ọ̀tì yìí ti bà jẹ́ kò padà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ iná o: ní 2024, nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí wọ́n tà ní Norway, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 tó jẹ́ oníbátìrì. Ní California, níbi tí ọkọ̀ háídírójìn ti rí ojú rere ìjọba jù ní Amẹ́ríkà, iye tí àwọn ilé epo ńlá kan ń ta kìlógíráàmù kan ní 2023 ga dé nǹkan bí dọ́là 36, Shell sì kéde ní 2024 pé àwọn ti ti gbogbo ilé epo háídírójìn ọkọ̀ kékeré tí àwọn ní níbẹ̀. Honda ti dá Clarity oníháídírójìn tirẹ̀ dúró láti 2021. Ní gbogbo ayé, ọkọ̀ tó ń gba iná láti ara ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà ní 2024 lé ní mílíọ̀nù 17. Ti háídírójìn kò pé 20,000.

Ohun kan wà tí háídírójìn fi ju bátìrì lọ, n kò sì ní fi pamọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ni a fi ń rọ ọ́ kún táǹkì, nígbà tí bátìrì lè gba wákàtí mélòó kan. Fún awakọ̀ tó ń sáré gba èrò ní Gáréèjì Èkó, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n kí gáàsì náà tó lè yára wọ táǹkì bẹ́ẹ̀, ilé epo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un tutù dé nǹkan bí 40 lábẹ́ òdo, iná ni yóò sì fi ṣe é, láìdáwọ́dúró. Ẹni tó ń sọ pé ọkọ̀ oníbátìrì kò lè ṣiṣẹ́ níbí nítorí pé iná kò sí, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi ibi tí iná ilé epo háídírójìn yóò ti wá.

Àwọn kan tún gbé ọkàn lé ẹ́ńjìnnì tí Toyota fi ń jó háídírójìn tààrà, èyí tó fi Corolla kan sáré ìdíje wákàtí 24 ní Fuji ní oṣù Karùn-ún 2021. Ohun tó fà á yé mi. Ẹ́ńjìnnì ni ẹ́ńjìnnì, púlọ́ọ̀gì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní parun. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn ń fi háídírójìn ṣòfò ju fuel cell lọ, nígbà tí fuel cell gan-an ti ń fi ṣòfò jù. Ìdíje ni wọ́n ń lò ó fún. Ti àwọn tó ń ta ike omi kékeré káàkiri, tí wọ́n ní kí a so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè máa mu omi dípò epo, n kò ní fi àyè ṣòfò lórí rẹ̀: ọ́tánétọ̀ ló ń ya omi náà, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ́tánétọ̀, epo ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù.

Kò wá túmọ̀ sí pé háídírójìn kò wúlò. Ajílẹ̀ kò lè ṣe é ṣe láìsí i, àwọn ilé ìfọpo ń fi í yọ imí ọjọ́ kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn tó ń yọ́ irin lò ó lọ́jọ́ iwájú. Ti tírélà tó ń sùn ní Ògèrè, tí bátìrì tó lè gbé e yóò wúwo jọjọ, n kò ní búra lé e lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nikola tó ń ṣe tírélà oníháídírójìn ní Amẹ́ríkà wọ gbèsè lọ sí kóòtù ní oṣù Kejì 2025. Ọkọ̀ kékeré ni èmi ń sọ.

Bátìrì náà ní àléébù tirẹ̀, èyí gan-an sì ni ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín. Ní 2010 tí Nissan Leaf, ọkọ̀ oníbátìrì kan, kọ́kọ́ jáde, bátìrì tó lè gba yúníìtì kan ń náni ju dọ́là 1,000 lọ. Ní 2024 ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 115. Nígbà tí nǹkan bá já wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ lókè òkun, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ògbólógbòó rẹ̀ ń gbẹ̀yìn sí: Kútọnú àti Tin Can ni, láti ibẹ̀ ló ń wọ Ìjẹ̀bú. Bátìrì Leaf yẹn kò ní omi tó ń mú un tutù, ooru sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Ọmọ wa kan yóò rà á ní owó pọ́ọ́kú, yóò gbé e wálé fún Ojúde Ọba, yóò sì ṣàkíyèsí pé ìrìn tó pe ní 120 kìlómítà kò kọjá 50. Ta ni yóò gbé e lọ bá? Ọ̀gá wo láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti Ìpẹru ni yóò lè sọ fún un, kí ó tó sanwó, bí bátìrì náà ti kù sí? Owó wà nínú ìyẹn nìkan, láì tíì tú nọ́ọ̀tì kan.

A tilẹ̀ ti ń bá wọn pàdé báyìí. Ọkọ̀ aláàbọ̀-iná, ìyẹn hybrid, ti pọ̀ lójú ọ̀nà wa: Camry, Lexus, Prius. Lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn Prius àtijọ́ ni bátìrì ńlá rẹ̀ wà, ègé 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 7.2, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní fóltì 200. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó náà, ihò kékeré kan wà tó ní awẹ́, bíi ti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni fáànù ti ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti fi mú bátìrì tutù. Mo ti ṣí irú rẹ̀ tí eruku ọyẹ́, irun ìjókòó àti gààrí dí pátápátá, nítorí àpò ẹrù ni ẹni tó ni ọkọ̀ náà ń gbé tì í lójoojúmọ́. Bátìrì náà gbóná títí tí ègé méjì fi kú, wọ́n sì ti sọ fún un níbòmíràn pé kí ó yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí ó wá ẹ́ńjìnnì mìíràn fi sí i. Bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló yẹ kí ó ti gbà á sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni ọwọ́ àwọn ọmọ. A ti tọ́ wọn dàgbà lórí fóltì 12, wọ́n a fi ìka kan wáyà, wọ́n a fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ọkọ̀ oníbátìrì ń gbé nǹkan bí fóltì 400, àwọn kan bíi Ioniq 5 ti Hyundai sì dé 800, kò sì ní dá ẹni tó bá fọwọ́ bà á padà láti wá ròyìn. Púlọ́ọ̀gì kan wà, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, tó ń já iná bátìrì ńlá, tí a gbọ́dọ̀ fà yọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí a bá fà á yọ tán a gbọ́dọ̀ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná tó fara pamọ́ sínú kapásítọ̀ tó rọlẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi mítà tó gba fóltì 1,000 wò ó kí ọwọ́ tó kàn án. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìfọṣọ. Kí ẹni tó máa lò ó tó wọ̀ ọ́, yóò ká ẹnu rẹ̀ pọ̀ kí afẹ́fẹ́ há sínú, yóò fún un, yóò sì gbé e sétí bóyá yóò gbọ́ pé ó ń fẹ́. Bí ó bá ń fẹ́, ihò abẹ́rẹ́ ti wà lára rẹ̀, kò wúlò mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe AC, ọ́ìlì tí ẹ ń bù sínú kọ̀mpírẹ́sọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí kì í gbé iná. Bí ẹ bá fi èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí i, iná alágbára lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò sára ọkọ̀, ẹlòmíràn ni yóò sì fọwọ́ bà á. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ohun tí mo wá ń tọrọ kò pọ̀. Kí ẹgbẹ́ pa owó pọ̀ ra ìbọ̀wọ́ àti mítà bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ọ̀kan wà ní Ṣágámù, kí ọ̀gá tó bá ní iṣẹ́ lè yá a, nítorí owó rẹ̀ pọ̀ ju kí ìsọ̀ kan dá a rà. Kí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nítòsí wa, bíi politẹ́kíníìkì tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti èyí tó wà ní Ṣáàpàdé, pé kí wọ́n gbà wá láyè ní ọjọ́ Sátidé kí àwọn olùkọ́ iná wọn wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Àwọn ní ìwé, àwa ní ọkọ̀ tó bàjẹ́. Àti pé, láti ọdún tó ń bọ̀, kí a má ṣe ṣe fírídọ̀mù fún rìwáyà tàbí mẹkáníìkì kankan tí kò bá lè fà púlọ́ọ̀gì yẹn yọ níwájú àwọn àgbà, kí ó dúró bó ti yẹ, kí ó sì fi mítà hàn wá pé iná ti kúrò.

Mo ní bátìrì Prius kan tó ti kú ní ìsọ̀ mi, tí mo ti tú sí ègé-ègé, tí kò sì lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ìjàm̀bá mọ́. Bí ẹ bá fún mi ní wákàtí kan ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, mo ṣe tán láti gbé e wá, kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan sì mú ọmọ iṣẹ́ kan dání. Mo ń retí kí akọ̀wé fi sí àjẹńdà.

Èmi ni ọmọ yín nínú iṣẹ́,
Rìwáyà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde